Fíùsì tó ń jó kọ́ lọ̀tá yín o! Ẹ̀yin onípíkọ́ọ̀pù àtijọ́ l'Àgbàdo, ẹ wá wo ibi tí àrùn mọ́tò yín wà gan-an

Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ báyìí l'Àgbàdo, kó tó di pé àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré wọkọ̀, àwọn píkọ́ọ̀pù ti gba ojú títì. Àwọn kan ń kó gààrí, àwọn kan ń kó ata àti tòmátì, àwọn kan ru sìmẹ́ńtì, òmíràn sì di àga àti bẹ́ẹ̀dì ẹni tó ń kó kúrò nílé gègèrè sẹ́yìn. Láti Ọjà Òkè-Odò dé Abúlé-Ẹ̀gbá, láti Ìjàyè dé Méírán títí dé Alákùkọ, mọ́tò tó ti wà láyé kí ẹni tó ń wà á tó dáyé ṣì ń bọ́ olówó ẹ̀. Ìlẹ̀kùn ẹ̀ lè máa mì, ọ̀dà ara ẹ̀ lè ti ṣí, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì le bí ọta. Bí wọ́n bá ní kó lọ, yóò lọ.

Ohun kan ló wá ń bá ọ̀pọ̀ onímọ́tò bẹ́ẹ̀ fínra: fíùsì. Wọ́n á ra á láàárọ̀, yóò ti jó kó tó dọ̀sán. Iná ẹ̀yìn á kú, iná bíréèkì á kú, fèrè ò ní dún mọ́, wáípà á sì dúró gbagidi láàárín òjò. Wọ́n á tún ra òmíràn, òun náà á tún lọ. Ọ̀rọ̀ á wá dà bí ẹni pé àwọn ayé ló ń bá mọ́tò náà jà. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ti ń wo ojú ará ilé wọn ní àwòtúnwò, wọ́n ní ọwọ́ kan ń bẹ níbẹ̀ tí kì í ṣe lásán.

Ẹ fi ayé sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Kò sí àjẹ́ níbẹ̀, kò sí oṣó. Wáyà ni.

Owó fíùsì gan-an kọ́ sì ni àdánù ibẹ̀. Fíùsì kan kò tó nǹkan kan lára owó epo tí mọ́tò ń mu lóòjọ́. Ọgbọ́n tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń dá kí fíùsì má baà jó mọ́ ni wàhálà. Ọgbọ́n ọ̀hún ló ń sun mọ́tò, tó ń sun ọjà ọlọ́jà, tó sì lè sun èèyàn.

ÌDÍ TÍ ÀWỌN MỌ́TÒ YÌÍ Ò FI NÍ KÚRÒ LÓJÚ TÍTÌ BỌ̀RỌ̀

Kẹ́nikẹ́ni má bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò ra tuntun. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn. Lọ́dún 1972 ni ìjọba àpapọ̀ bá ilé-iṣẹ́ Peugeot ti ilẹ̀ Faransé tọwọ́ bọ̀wé, nígbà tó sì di ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ PAN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná. Ọdún 1975 yẹn náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tiwọn nítòsí ibí, ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry. Àwọn ará Kàdúná ló to 504 tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ bí ẹni mowó, títí kan píkọ́ọ̀pù ẹ̀, wọ́n sì ń tò ó bọ̀ títí wọ inú àwọn ọdún 2000. Lẹ́yìn tí ìjọba Babangida gbé ètò SAP dé lọ́dún 1986, owó mọ́tò tuntun fò kọjá ọwọ́ òṣìṣẹ́. Bí tòkunbọ̀ ṣe gba ìgboro nìyẹn: Hilux àlòkù, Datsun àlòkù, Mazda àlòkù, Mitsubishi L200 àlòkù. Nígbà tó wá di ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí náírà náà sì tún já wálẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, tòkunbọ̀ pàápàá di ohun tí èèyàn ń wò lókèèrè.

Lóòótọ́, ọkọ̀ ojú irin Red Line, tí wọ́n ṣí lọ́jọ́ 29, oṣù kejì, ọdún 2024, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lóṣù kẹwàá ọdún yẹn, ń gbé èèyàn láti Àgbàdo dé Ọyìngbò. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ di àpò gààrí mẹ́wàá wọ ọkọ̀ ojú irin? Píkọ́ọ̀pù lólọ́jà ń wá. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ọ̀kan, bó ti wù kó gbó tó, ilé oúnjẹ ẹ̀ ló wà níwájú ilé yẹn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fíùsì kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Bí mọ́tò bá jóná, owó iléèwé ọmọ jóná, owó ilé jóná, owó àjọ náà jóná.

FÍÙSÌ, MẸ́GÁÀDÌ TÓ Ń FI ORÍ ARA Ẹ̀ GBÀ Á

Kí ni fíùsì gan-an? Irin tín-ín-rín kan ni wọ́n fi sínú gíláàsì tàbí rọ́bà líle. Iná tó bá ń ti orí bátìrì bọ̀ gbọ́dọ̀ gba inú irin tín-ín-rín yìí kọjá kó tó dé ibi gílóòbù, fèrè tàbí wáípà. Bí iná tó ń kọjá bá mọ níwọ̀n, irin náà ò ní ṣe nǹkan kan. Àmọ́ bí iná bá pọ̀ jù, irin á gbóná, á yọ́, á já. Bó bá ti já, iná ò lè kọjá mọ́. Ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é nìyẹn. Wọ́n dìídì ṣe é kó jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ kú, kí wáyà má baà gbóná débi tí rọ́bà ara ẹ̀ á fi gbiná.

Nínú àwọn mọ́tò tó ti pẹ́ gan-an, fíùsì onígíláàsì gbọọrọ ló wà níbẹ̀. Èyí tó ní ẹsẹ̀ méjì, tó ní oríṣiríṣi àwọ̀, ilé-iṣẹ́ Littelfuse ti Amẹ́ríkà ló gbé e jáde lọ́dún 1976, òun ló sì gba ayé kan báyìí. Àwọ̀ yẹn kì í ṣe fún ẹwà. Pupa jẹ́ amp 10. Búlúù jẹ́ 15. Yẹ́lò jẹ́ 20. Èyí tó funfun bíi gíláàsì jẹ́ 25. Gíríìnì jẹ́ 30. Ẹni tí kò tiẹ̀ lè ka ìwé rárá lè fi ojú mọ èyí tó yẹ kó wà níbẹ̀ àti èyí tí kò yẹ.

Nítorí náà, mẹ́gáàdì ni fíùsì. Bí mẹ́gáàdì bá ń pariwo olè lóru, ṣé ẹnu ẹ̀ lẹ máa dí, àbí olè lẹ máa wá? Ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹnu mẹ́gáàdì ni wọ́n ń dí.

"BÀBÁ, Ẹ JẸ́ KÁ FI 30 SÍ I"

Ọ̀rọ̀ tó máa ń wáyé láàárín awakọ̀ àgbàlagbà àti ọmọ ríwáyà tó ń kánjú kò jìnnà sí báyìí:

"Ríwáyà, fíùsì yẹn tún ti lọ o! Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé lọ́sẹ̀ yìí."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ti amp 10 ló wà níbẹ̀, ó ti kéré jù. Ẹ jẹ́ ká fi 30 sí i, ẹ ò ní gbọ́hùn ẹ̀ mọ́."

"Ṣé kò ní ṣe nǹkan kan ṣá?"

"Kò séwu, Bàbá. Gbogbo ẹ̀ náà ni fíùsì. Bí ìyẹn náà bá tún jó, màá kúkú fi wáyà ṣe dáírẹ́ẹ̀tì fún yín."

"Ó da bẹ́ẹ̀. Èló lowó ẹ?"

Bí wọ́n ṣe ń ra ikú nìyẹn o. Wáyà tó ń lọ síbi iná ẹ̀yìn tín-ín-rín. Amp 10 ni wọ́n rò mọ́ ọn kí wọ́n tó fi fíùsì pupa síbẹ̀. Bí wọ́n bá fi 30 síbẹ̀, tí ìdí wáyà sì ti fara kan irin mọ́tò níbì kan, wáyà náà ni yóò di fíùsì. Òun ni yóò gbóná, tí rọ́bà ara ẹ̀ yóò yọ́ mọ́ ti wáyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tí èéfín yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Èyí tí wọ́n bá wá fi bébà ìdí sìgá wé, tàbí tí wọ́n fi ìṣó kékeré dí, ìyẹn ò tiẹ̀ ní ààlà rárá. Bátìrì mọ́tò lè ti iná tó ju ọgọ́rùn-ún amp lọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó fi ń ta ẹ́ńjìnnì jí nìyẹn. Kí ni wáyà tín-ín-rín fẹ́ fi irú iná bẹ́ẹ̀ ṣe? Ẹ tún wá rántí pé ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù ló ń gbé kẹ́ẹ̀gì epo jẹnẹrétọ̀ kiri. Èyí tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

ÌGBÀ WO LÓ Ń JÓ?

Ríwáyà tó mọṣẹ́ kì í kọ́kọ́ mú plaier. Ẹnu ló kọ́kọ́ ń lò. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa bi onímọ́tò ni pé, "Bàbá, ìgbà wo gan-an ló ń jó?" Ìbéèrè yẹn nìkan lè dín iṣẹ́ ọjọ́ kan kù sí wákàtí kan.

Bó bá jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń ki fíùsì bọ ihò ẹ̀ báyìí ló ń jó, tí wọn ò tíì tan nǹkan kan, wáyà tí iná kì í kúrò lára ẹ̀ ló ti fara kan irin. Bó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n tẹ bíréèkì ni, kí wọ́n lọ wo ilé gílóòbù iná bíréèkì àti wáyà tó lọ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n fi jíà sí rìfáàsì ni, súìsì iná rìfáàsì ń bẹ lára gíabọ́ọ̀sì, wáyà ẹ̀ a sì máa sún mọ́ sáléńsà. Bí sáléńsà bá ti sun rọ́bà ara ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yí nìyẹn. Bó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n bá yí stia ni, wáyà fèrè tó gba inú òpó stia ni kí wọ́n fura sí.

Bó bá jẹ́ pé mọ́tò tó dúró kì í jó fíùsì, àfi bó bá wọ kòtò, tàbí bí wọ́n bá di ẹrù kún ẹ̀yìn ẹ̀, wáyà kan ti bó níbi tí irin ti ń fi ara gbo ó. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò nìkan ni, omi ti rí ọ̀nà wọ inú iná ẹ̀yìn. Bó bá sì jẹ́ pé ó máa ń ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó jó, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ pé wáyà bó rárá. Ẹrù ló pọ̀ jù fún un, tàbí kó jẹ́ pé mọ́tò wáípà ti dípẹtà, tó ń fagbára yí.

Òkú fíùsì pàápàá ń sọ̀rọ̀. Kẹ́nikẹ́ni má tètè jù ú nù. Bí gíláàsì ẹ̀ bá dúdú, tí irin inú ẹ̀ fọ́n ká, iná ló rọ́ lù ú lẹ́ẹ̀kan náà: wáyà ti kan irin. Bó bá jẹ́ pé àárín irin náà ló kàn yọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, tí kò dúdú, iná pọ̀ jù díẹ̀díẹ̀ ni. Bó bá wá jẹ́ pé rọ́bà ara ẹ̀ ló yọ́, tí irin inú ẹ̀ ò já, ilé tí fíùsì jókòó sí ló ti là tàbí tó ti dípẹtà, kò dì í mú dáadáa mọ́. Kí wọ́n tún ilé ẹ̀ ṣe.

GBOGBO ALÁŃGBÁ LÓ DANÚ DÉLẸ̀

Wáyà inú mọ́tò pọ̀ bíi ìfun. Gbogbo aláńgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ èyí tó ń ṣàìsàn láìjẹ́ pé wọ́n ń sun fíùsì ogún?

Àkọ́kọ́, kí wọ́n mọ gbogbo ohun tí fíùsì yẹn ń bọ́. Lára ìdérí ilé fíùsì ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí. Bí ìdérí bá ti sọnù, kí wọ́n yọ fíùsì náà, kí wọ́n wá máa tan nǹkan mọ́tò níkọ̀ọ̀kan. Gbogbo èyí tí kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Èkejì, kí wọ́n yọ gbogbo àwọn ọmọ ìyá yẹn kúrò: kí wọ́n tú gílóòbù, kí wọ́n yọ ẹnu wáyà fèrè, kí wọ́n yọ rédíò. Kí wọ́n wá fi fíùsì tuntun tí iye amp ẹ̀ pé síbẹ̀. Bí kò bá jó mọ́, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n yọ ni ọ̀daràn. Kí wọ́n máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá débẹ̀ tí fíùsì jó, òun náà nìyẹn. Bó bá sì jó síbẹ̀síbẹ̀, wáyà fúnra ẹ̀ ni.

Ẹ̀kẹta ni ọgbọ́n àgbà ríwáyà, kò sì ní owó nínú. Dípò kí wọ́n máa ki fíùsì bọ ibẹ̀, gílóòbù iná bíréèkì tó jẹ́ wáàtì 21 ni kí wọ́n fi wáyà méjì so, kí wọ́n fi ìdí kìíní kan ẹsẹ̀ kan ilé fíùsì, kí wọ́n fi ìkejì kan ẹsẹ̀ kejì. Bí wáyà bá ń kan irin níbì kan, gílóòbù náà á tàn yòò. Kò séwu níbẹ̀, torí iná tó lè gba inú gílóòbù yẹn kọjá kò pé amp 2. Kí ríwáyà wá bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, kó máa mi wáyà, kó máa yọ ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan, kó máa wojú gílóòbù. Ibi tó bá dé tí gílóòbù ṣẹ́jú tàbí tó kú pátápátá, kó dúró síbẹ̀. Ọ̀daràn ò jìnnà.

Àwọn mọ́tò àtijọ́ ni ọgbọ́n yìí wà fún o. Mọ́tò ìgbàlódé tó ní kọ̀ǹpútà àti báàgì afẹ́fẹ́ nínú, kí wọ́n má fi gílóòbù dán an wò káàkiri. Kí wọ́n gbé e fún ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń bá kọ̀ǹpútà mọ́tò sọ̀rọ̀.

Ní ti píkọ́ọ̀pù, ibi tí àrùn fẹ́ràn jù ni abẹ́ ẹ̀yìn tí wọ́n ń di ẹrù sí. Abẹ́ ibẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáàsí, ni wáyà iná ẹ̀yìn gbà lọ. Àbàtà ń ta sí i, òkúta ń lù ú, irin ń gbo ó. Bí irin ẹ̀yìn bá jẹrà, wọ́n á pe wẹ́dà, wẹ́dà á jó irin mọ́ irin, kò ní rántí pé wáyà ń bẹ lábẹ́ ẹ̀. Páńẹ́lì-bítà náà á dé, á lu sikúrúù gba inú páńẹ́lì kọjá, sikúrúù á gún wáyà. Eku pẹ̀lú fẹ́ràn rọ́bà wáyà, pàápàá nínú mọ́tò tó ń kó gààrí àti àgbàdo. Ẹni tó bá ti ṣe wẹ́dà tàbí páńẹ́lì láìpẹ́ yìí, tí fíùsì wá bẹ̀rẹ̀ sí í jó, kó má lọ jìnnà. Ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ yẹn ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

ÌṢIRÒ TÍ Ò JU TI ỌMỌ ALÁKỌ̀Ọ́BẸ̀RẸ̀ LỌ

Nígbà mìíràn, wáyà ò bó, nǹkan kan ò kan nǹkan kan. Onímọ́tò fúnra ẹ̀ ló di ẹrù lé fíùsì lórí. Ìṣirò ẹ̀ ò le: kí wọ́n kó gbogbo wáàtì pọ̀, kí wọ́n fi 12 pín in, torí pé fóòtì 12 ni bátìrì mọ́tò kékeré. Iye tó bá jáde ni amp.

Gílóòbù bíréèkì méjì, wáàtì 21 lọ́nà méjì, jẹ́ 42. Ẹ fi 12 pín in, amp mẹ́ta ààbọ̀ ni. Iná iwájú méjì tó jẹ́ wáàtì 55 kọ̀ọ̀kan jẹ́ 110. Ó lé díẹ̀ ní amp 9. Ìyẹn dáa. Àmọ́ ẹni tó bá lọ ra gílóòbù wáàtì 100 méjì ní Ládípọ̀, torí pé ó fẹ́ kí iná òun mọ́lẹ̀ ju ti gbogbo ayé lọ, ti di wáàtì 200. Ó ti fẹ́ẹ̀ẹ́ tó amp 17. Bí fíùsì 15 bá jó, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ fíùsì ni? Ẹlòmíràn á tún so fèrè tírélà mọ́ wáyà fèrè kékeré, á so ẹ̀rọ tó ń mú ohùn rédíò ròkè mọ́ ọn, á tún so ibi tí gbogbo èrò ti ń gba iná sí fóònù mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ irú àfikún bẹ́ẹ̀, kí ríwáyà fa wáyà tuntun tó nípọn fún un láti orí bátìrì, kó fún un ní rìléè àti fíùsì tirẹ̀, kí fíùsì ọ̀hún sì wà nítòsí bátìrì.

ÀWỌN ÒYÌNBÓ NÁÀ TI FOJÚ RÍ I

Kẹ́nikẹ́ni má rò pé ìyà àwọn tálákà Àgbàdo nìkan ni. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Ford bẹ̀rẹ̀ sí í pe mọ́tò padà lọ́dún 1999 nítorí súìsì kékeré kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń bá ẹ̀rọ tó ń mú eré mọ́tò dúró sójú kan ṣiṣẹ́. Oje bíréèkì máa ń jò wọ inú súìsì náà, bẹ́ẹ̀ iná kì í kúrò lára ẹ̀ bí wọ́n bá tiẹ̀ pa mọ́tò. Mọ́tò tí olówó ẹ̀ ti gbé sílé, tó ti lọ sùn, á wá gbiná lóru. Píkọ́ọ̀pù F-150 wà lára wọn. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2009, iye mọ́tò tí wọ́n ti pè padà nítorí ọ̀rọ̀ yìí ti lé ní mílíọ̀nù 14.

Kí ni wọ́n wá fi tún un ṣe? Wáyà kékeré kan tó ní fíùsì nínú ni wọ́n fi sáàárín, kí fíùsì lè já bí súìsì bá bàjẹ́, kí iná má baà ráyè ran. Odidi ilé-iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ ń fi fíùsì kún mọ́tò kó má baà jóná, ẹnì kan wá jókòó níbí, ó ń yọ tirẹ̀ kúrò, ó ń fi ìṣó dí i!

BÓ BÁ TI RÍ I, KÓ ṢE É DÁADÁA

Bí wọ́n bá ti rí ibi tó bó, iṣẹ́ ò tíì parí. Kí wọ́n má kàn lọ́ wáyà mọ́ wáyà, kí wọ́n fi ọ̀rá wé e. Kí wọ́n gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, kí wọ́n fi wáyà tó nípọn bí ti tẹ́lẹ̀ rọ́pò ẹ̀, kí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀, kí wọ́n sì fi téèpù wáyà gidi wé e. Ibi tí wáyà bá ti gba ihò irin kọjá, kí wọ́n fi rọ́bà sí etí ihò náà. Kí wọ́n so ó mọ́ ara ṣáàsí, kó má máa jù, kí wọ́n sì gbé e jìnnà sí sáléńsà. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n dá fíùsì tó yẹ padà, iye tó wà lára ìdérí gẹ́lẹ́, kì í ṣe èyí tí ríwáyà bá nínú àpò.

Onímọ́tò náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kí ríwáyà tó gba owó, kó ní kó fi ibi tó bó han òun. Ríwáyà tó bá sọ pé "mo ti ṣe é", tí kò lè nawọ́ síbi tó ṣe, fíùsì ló pààrọ̀, kò tún nǹkan kan ṣe. Kó sì tún máa gbé fíùsì bíi mélòó kan tó pé iye sínú mọ́tò, kó má baà di pé ilẹ̀ ṣú bá a lọ́nà, kó máa wá ìṣó kiri.

Ọ̀rọ̀ alẹ́ yẹn gan-an ṣe pàtàkì. Bí fíùsì iná ẹ̀yìn bá ti jó lójú ọ̀nà márosẹ̀ Abẹ́òkúta, píkọ́ọ̀pù tó di ẹrù dà bí òkè dúdú nínú òkùnkùn. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò ní rí i títí á fi dé ìdí ẹ̀. Awakọ̀ tó bá ní "ẹ jẹ́ ká kúkú máa lọ bẹ́ẹ̀, ilé ò jìnnà mọ́", ẹ̀mí ara ẹ̀ àti ti ẹlòmíràn ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

Bí wọ́n bá sì gbóòórùn rọ́bà tó ń jó, tàbí tí èéfín yọ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kí wọ́n má ṣe sáré lọ sílé. Kí wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí gbogbo èèyàn sọ̀kalẹ̀. Bí iná ò bá tíì dé ibi bátìrì, kí wọ́n tú ẹnu nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì. Idẹ tó ń paná, èyí tí òfin ní kí gbogbo mọ́tò ní, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lò ó, kì í ṣe ibi tí àwọn ọlọ́pàá ti ń béèrè ẹ̀ nìkan. Bí iná bá ti gba bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n má ṣí i gbayawu, kí wọ́n sá jìnnà, kí wọ́n pe 767 tàbí 112, nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó.

Ọ̀rọ̀ ò pọ̀ jù báyìí lọ. Fíùsì tó jó kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi wáyà dí tiyín, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Ẹ ṣí ìdérí ilé fíùsì yín lónìí, kí ẹ wo àwọ̀ tó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá bá gíríìnì níbi tó yẹ kí pupa wà, tàbí tí ẹ bá bá bébà sìgá, ẹ wá ríwáyà tó máa kọ́kọ́ bi yín pé ìgbà wo ló ń jó. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.